Walter Page àti Ẹgbẹ́ Eléré Blue Devils

Blue Devils ni ẹgbẹ́ eléré jáàsì tó fi Oklahoma City, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣe ibùjókòó láti 1925 sí 1933. Walter Page, ẹni tó ń ta básì, ló kó o jọ, òun ló sì ṣe olórí rẹ̀ títí di 1931. Orin méjì péré ni wọ́n ṣe sínú àwo kí ẹgbẹ́ náà tó fọ́n ká. Síbẹ̀, inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó di òpómúléró ẹgbẹ́ Count Basie ti jáde, ọwọ́ Page sì ni básì ti kọ́ ìrìn tí gbogbo jáàsì ń rìn lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ Page

Wọ́n bí Page ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì, 1900, ní Gallatin, ìpínlẹ̀ Missouri, ṣùgbọ́n Kansas City ló ti dàgbà. Ìlù ńlá àti fèrè túbà ló kọ́kọ́ mọ̀, nínú àwọn ẹgbẹ́ onífèrè àdúgbò. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama Lincoln, N. Clark Smith, olùkọ́ orin tó ti darí ẹgbẹ́ onífèrè àwọn ológun rí, ń wá ẹni tí yóò ta básì ńlá olókùn mẹ́rin. Page ló nawọ́ sí. Ọmọ sìgbọnlẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ ká igi náà. Ó kẹ́kọ̀ọ́ orin síwájú ní Yunifásítì Kansas ní Lawrence, ó sì bá ẹgbẹ́ Bennie Moten ṣeré láti 1918 sí 1923. Lẹ́yìn náà ló wọ ẹgbẹ́ alárìnjó Billy King. Nígbà tí ìyẹn tú ká ní Oklahoma City, Page tún àwọn eléré tó ṣẹ́kù tò, ó sì fi wọ́n dá Blue Devils sílẹ̀.

Ayé ẹgbẹ́ tó ń rin agbègbè

New York àti Chicago ni ilé iṣẹ́ àwo-orin pọ̀ sí nígbà náà. Àwọn eléré Oklahoma, Texas, Kansas àti Nebraska kì í rí àwo ṣe bọ̀rọ̀. Ojú títì ni oúnjẹ wọn wà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlú tó jẹ́ ilé rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wa mọ́tò lọ sí ọ̀nà jíjìn láti ṣeré ijó fún alẹ́ kan, kí ilẹ̀ sì tó mọ́, wọ́n ti gbéra lọ sí òmíràn. Òfin tó ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun mú kí ìrìn náà le sí i, nítorí pé ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì kì í gbà wọ́n sílé. Ní Oklahoma City fúnra rẹ̀, gbọ̀ngàn Slaughter's Hall ní Deep Deuce, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú, ni wọ́n ti ń ṣeré. Òǹkọ̀wé Ralph Ellison, ọmọ ìlú náà, gbọ́ wọn lọ́mọdé, ó sì kọ̀wé nípa Jimmy Rushing, akọrin wọn, nínú ìwé Shadow and Act (1964).

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà kò kéré. Hot Lips Page ń fọn tùrọ́ḿpẹ́ẹ̀tì, Buster Smith ń fọn sáksófóònù, Eddie Durham ń fọn tròḿbóònù, ó sì tún ń ta gìtá. Basie, ọmọ New Jersey tó ń tẹ dùùrù, wà ní Tulsa pẹ̀lú ẹgbẹ́ alárìnjó mìíràn nígbà tí orin kan jí i lójú oorun. Ó rò pé àwo Louis Armstrong ni. Nígbà tó jáde, Blue Devils ló bá, wọ́n ń ṣeré kiri láti polówó ijó alẹ́ ọjọ́ náà. Ní 1928, ó wọ ẹgbẹ́ wọn. Ní oṣù Kọkànlá 1929, wọ́n ṣe “Blue Devil Blues” àti “Squabblin'” sínú àwo fún Vocalion ní Kansas City.

Bí ẹgbẹ́ ṣe tú ká

Àpapọ̀ ni wọ́n fi owó ṣe. Tí wọ́n bá ti san owó epo àti oúnjẹ, ìyókù di pínpín lọ́gbọọgba. Ètò yìí mú ìfẹ́ wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹni tó rí owó gidi níbòmíràn dúró. Moten ní àdéhùn àwo pẹ̀lú Victor, ó sì ń fa àwọn eléré wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan: Basie, Durham, Rushing, Hot Lips Page. Nígbà tó yá, Walter Page náà tẹ̀ lé wọn. Àwọn ló ta “Moten Swing” ní oṣù Kejìlá 1932. Àwọn tó kù ń bá orúkọ Blue Devils lọ, Lester Young tó ń fọn sáksófóònù sì wà lára wọn, títí gbèsè fi dá wọn dúró sí Bluefield, West Virginia, ní 1933.

Básì tó ń rìn

Moten kú ní 1935. Basie kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ jọ ní Reno Club, Kansas City, Page sì bá a lọ. Rédíò ni John Hammond, tó ń ṣàwárí eléré fún àwọn ilé iṣẹ́ àwo-orin, ti gbọ́ wọn ní 1936, ìyẹn ló gbé wọn dé New York. Freddie Green tó ń ta gìtá wọlé ní 1937. Òun, Page, Jo Jones tó ń lùlù àti Basie lórí dùùrù wá di mẹ́rin tí ọwọ́ wọn dọ́gba.

Tẹ́lẹ̀, ìró kìn-ín-ní àti ìkẹta ni túbà tàbí básì sábà máa ń tẹ̀ nínú ìwọ̀n orin onílù mẹ́rin. Page ta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́gbọọgba, ohùn kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀ sí èyí tó ṣáájú, ó ń gun òkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, láìsí ẹ̀rọ agbóhùnjáde. Bí gúdúgúdú ṣe ń di ìlù mú kí ìyáàlù lè sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni básì rẹ̀ ṣe tú àwọn yòókù sílẹ̀: Jones gbé ìdìmú ìlù kúrò lórí ìlù ńlá tí ẹsẹ̀ ń lù lọ sórí páànù méjì tó ń pàdé, ọwọ́ òsì Basie kò sì ní láti lu dùùrù láìsinmi mọ́. Ní 1938, “Pagin' the Devil” gbé básì náà síwájú gbogbo ènìyàn.

Ìgbẹ̀yìn

Page kúrò lọ́dọ̀ Basie ní 1942, ó padà ní 1946, ó sì kúrò pátápátá ní 1949. Lẹ́yìn náà, ó ń bá oríṣiríṣi ẹgbẹ́ ṣeré ní New York títí ó fi kú ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá, 1957. Buster Smith ti fi ọ̀nà han Charlie Parker, tí òun náà ń fọn sáksófóònù, ní Kansas City nígbà tí ìyẹn ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, Basie sì ń darí ẹgbẹ́ rẹ̀ títí ó fi kú ní 1984. Títa ìró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́gbọọgba sì ti di ìpìlẹ̀ ohun tí wọ́n ń kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta básì nínú jáàsì.