Ohun tí Àlejò Ń Tẹ̀ Kọjá ní Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀pọ̀ àlejò tí ó bá wọ Ilé-Ifẹ̀, ààfin Ọọ̀ni ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Bí wọ́n bá ti ya àwòrán ní ìdí òkúta náà tán, wọ́n gbà pé àwọn ti rí Ifẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú ohun tí ó yani lẹ́nu jù lọ ní ìlú náà, abẹ́ ẹsẹ̀ wọn ni ó wà.

Àpáàdì ni. Àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ a máa fi àpáàdì ìkòkò tẹ́ àgbàlá àti ọ̀nà wọn. Wọn kì í tò ó ní pẹrẹsẹ. Òòró ni wọ́n ń rì í mọ́lẹ̀, tí etí rẹ̀ yóò kọjú sókè, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dà bí ẹní híhun. Ní ibòmíràn wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun há a láàárín. Àwọn àgbà ń pìtàn pé Lúwòó, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, ni ó pàṣẹ iṣẹ́ náà, nítorí pé kò fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan ẹrẹ̀. Yálà ẹrẹ̀ ni ó fà á ni o, yálà ọlá ni, iṣẹ́ náà gba amọ̀, igi ìdáná àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́. Ìlú tálákà kò lè dán an wò. Ó sì ti lé ní 600 ọdún.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i dáradára, kí ó lọ sí Ìta Yemòó. Ní 1957 àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tú ilẹ̀ níbẹ̀ kan ère idẹ, Frank Willett sì wá wa ibẹ̀. Lára ohun tí ó jáde ni ère Ọọ̀ni kan nínú ẹ̀ṣọ́ oyè, àti ère ọba pẹ̀lú ayaba tí apá àti ẹsẹ̀ wọn kọ́ ara wọn. Àpáàdì tí wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n fi òrùlé bò ó ní ojú ibi tí ó wà.

Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 1954, wà lẹ́bàá ààfin. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ rántí àgbàlá Wúnmọníjẹ̀, níbi tí àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ti hú àwọn orí idẹ ní 1938. William Bascom kó méjì lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1950 ó dá wọn padà. Òmíràn ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1939, kò sì tíì padà.

Igbó ni ọgbà àwọn baba ńlá. Ní Igbó Ọ̀rẹ̀ ni ère òkúta tí a ń pè ní Ìdènà ti ṣọ́nà, tí ìṣó irin jẹ́ irun orí rẹ̀. Igbó Olókun sì lókìkí nítorí orí tí Leo Frobenius rí níbẹ̀ ní 1910, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ ni ọrọ̀ rẹ̀ gan-an. Abidemi Babatunde Babalola wa apá kan ibẹ̀; ìlẹ̀kẹ̀ tí ó rí lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí a fi ń yọ́ gíláàsì. Bí a bá ti rò pé òkèèrè ni gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ ti wá, ìkòkò wọ̀nyí ti já irọ́ náà: Ifẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ilé ti gba púpọ̀ nínú Igbó Olókun. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ fẹ́ kọ́lé, kò sì sí ẹ̀bi ní ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọkọ́ rẹ̀ bá kan àpáàdì tí a tò, wákàtí kan ti tó láti tú ohun tí kò ṣeé tún tò mọ́. Ní àwọn àdúgbò kan, òjò ni ó ti wọ́ erùpẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, tí ọkọ̀ sì ń gbà á kọjá lójoojúmọ́.