Láti Orí Asofẹ́yẹjẹ Dé Orí Valium

Bí èèyàn bá ń dá sọ̀rọ̀ láàrin àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládìpọ̀, ẹ ó gbọ́ ọ: "Ẹ gbé e lọ Yábàá o!" Yábàá kúkú súnmọ́ wọn. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1907 ni ìjọba òyìnbó ṣí ilé àwọn wèrè síbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà náà, ìhámọ́ ló pọ̀ níbẹ̀ ju ìwòsàn lọ.

Àwọn oníṣègùn tiwa ti ń fi egbò asofẹ́yẹjẹ mú wèrè sùn ní tiwọn. Ẹ má pè é ní ìtàn lásán. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Ciba ní Switzerland yọ reserpine lára igi Íńdíà kan tó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ. Ohun kan náà wà nínú tiwa. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Arò, l'Abẹ́òkúta, kọ ọ́ jáde ní 1960 pé àwọn oníṣègùn Yorùbá ń lò ó. Èyí tó wù mí jù nínú ohun tó rí ni ti ọjọ́ ìtúsílẹ̀: bí ara aláìsàn bá yá, wọn a mú un lọ sódò, wọn a wẹ̀ ẹ́, aṣọ àìsàn a sì bá omi lọ. Gbogbo ilé á mọ̀ pé ó parí. (Egbò náà kì í ṣe ẹ̀fọ́ o, àṣejù rẹ̀ léwu.)

Valium dé ní 1963. Òun kò ní ọjọ́ odò. Dókítà a kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, fún ìyá tí ọkọ rẹ̀ kú, fún bàbá tí kò rí oorun sùn. Ìwé á gbó, wọn á ṣì máa rà á ní kẹ́mísì, ọdún á máa gorí ọdún. Ní 1988 ni ìgbìmọ̀ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ pé kí irú oògùn bẹ́ẹ̀ má kọjá ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, torí ara a máa di ẹrú rẹ̀. Ó sì ń gbé àgbàlagbà ṣubú.

Ti alárùn ọpọlọ yàtọ̀. Largactil, tí àwọn Faransé ṣe ní 1950, àwọn kan ní láti lo irú rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Àmọ́ "oògùn oorun" làwa ń pe méjèèjì! Ìdílé á ní oorun ọmọ yìí mà pọ̀ jù, wọn á gba oògùn lọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ kó dáwọ́ dúró, wèrè á padà. Màmá tó yẹ kó ti dáwọ́ dúró, wọ́n ń bá a ra tiẹ̀ bọ̀ lọ́jà. Tòun náà kì í ṣe ohun à-jágbà lójijì: ẹni tó ti ń lò ó fún ọdún mélòó kan, bó bá fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gìrì lè mú un. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń dín in kù, oṣù sí oṣù.