Ìtàn Fífọ Ọkọ̀ àti Dídá Ẹwà Rẹ̀ Padà ní Pobè àti Sakété

Ilẹ̀ méjì ló ń yọ ọkọ̀ lẹ́nu ní Pobè àti Sakété, ní ẹ̀ka Plateau, orílẹ̀-èdè Benin. Àkọ́kọ́ ni ilẹ̀ pupa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pàápàá bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, eruku rẹ̀ a bo ọkọ̀ látòkè délẹ̀. Èkejì ni ilẹ̀ dúdú àbàtà Ọ̀họ̀rí, lọ́nà Kétu. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹrẹ̀ rẹ̀ a lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ bí àtè.

Rélùwéè ló kọ́kọ́ so àwọn ìlú yìí mọ́ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Epo pupa àti ekùrọ́ wà lára ẹrù pàtàkì tó ń kó. Ní 1922, ìjọba Faransé dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè. Nígbà tó yá, ọkọ̀ ilẹ̀ gba iṣẹ́ kíkó ẹrù náà lọ́wọ́ rélùwéè. Ọ̀pẹ kan náà ló ń fún àwọn ará ibẹ̀ ní ọṣẹ dúdú, èyí tí wọ́n ń fi epo àti eérú sè. Ohun tó wà lọ́wọ́ nílé láti fi fọ nǹkan nìyẹn, pẹ̀lú kànìnkàn.

Lókè òkun, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀, búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń kun ọkọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọ̀dà náà sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó gbẹ. Ní 1923, ilé-iṣẹ́ DuPont àti General Motors gbé Duco jáde. Fífín ni wọ́n ń fín ọ̀dà yìí, ó sì máa ń yára gbẹ. Àmọ́ oòrùn a máa mú kó ṣá, nítorí náà ni ìda fi túbọ̀ di ohun tí ọlọ́kọ̀ ń wá. Ìlú Chicago ni wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ ìda Simoniz sílẹ̀ ní 1910, ibẹ̀ náà sì ni Benjamin Hirsch ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó di Turtle Wax, ní 1941. Carnauba, ìda tó lókìkí jù fún ọkọ̀, ti ara ewé igi kan wá ní àríwá ìlà-oòrùn Brazil. Irú ọ̀pẹ kan ni igi náà pẹ̀lú.

Ní 1965 ni wọ́n ṣí èbúté Kútọnu. Láti ibẹ̀ ni àlòkù ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ti wá pọ̀, Peugeot 404 àti 504 sì di ọkọ̀ èrò lójú ọ̀nà. Bí ọ̀dà àtijọ́ tó wà lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ṣá, tí a bá fi ìpara tó ń dán ọ̀dà ha á, àwọ̀ rẹ̀ a yọ mọ́ aṣọ tí a fi ń nù ún, ọkọ̀ a sì tún máa dán. Láti bí 1980 ni ọ̀dà onípele méjì ti gbòde: àwọ̀ nísàlẹ̀, vernis aláìláwọ̀ lókè. Vernis yìí fẹ́lẹ́ gan-an. Bó bá ti bó lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò sí ìda tó lè wò ó. Àfi ká tún un fín.

Ibí yìí ni àṣà ìfọǹkan àtijọ́ ti ń ṣèpalára. Iyanrìn wẹ́wẹ́ wà nínú eruku pupa. Ẹni tó bá fi kànìnkàn tàbí àkísà gbígbẹ nu ọkọ̀ ń fi iyanrìn náà ha á ni. Ẹ wò ó nínú oòrùn: ẹ ó rí àpá róbótó-róbótó lára ọ̀dà. Ọṣẹ dúdú ń fọ nǹkan mọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n agbára eérú inú rẹ̀ a máa ṣí ìda kúrò. Bẹntiróòlù kpayo tó bá kán sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́ láti inú ìgò náà ń yọ́ ìda. Gásóìlì tí àwọn kan fi ń pa ọkọ̀ a jẹ́ kó dán fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà eruku a lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀nà tó tọ́ kò le. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibòji, ẹ da omi púpọ̀ sí i lára kí eruku ṣàn lọ. Ẹ lo ọṣẹ ọkọ̀ àti aṣọ rírọ̀, pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì: ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣan aṣọ. Láti òkè ni kí ẹ ti máa fọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀. Táyà ni kó kẹ́yìn. Bó bá gbẹ, ẹ fi ìpara pa ibi tó ti ṣá, kí ẹ tó fi ìda bò ó. Ẹ máa fi ìda náà pa á lẹ́ẹ̀kan sí i ní gbogbo oṣù méjì tàbí mẹ́ta.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ Pobè àti Sakété, ẹ jẹ́ kí omi kan ọkọ̀ yín kí ọwọ́ tó kàn án. Owó tí ẹ bá ná lórí ìda kéré púpọ̀ sí owó tí ẹ ó fi tún ọkọ̀ fín.