Kuníìnì tó dá ìjọ sí méjì

1. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìtàn kan rèé. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Nínú ìjọ tí Màmá Àgbà ń lọ ní Erúnmu nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹni tó bá lo oògùn gbọ́dọ̀ dìde lọ́jọ́ Ìsinmi kó jẹ́wọ́. Wọ́n á kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀.

2. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 11 nígbà tí ibà dá mi wólẹ̀. Lóru, Màmá Àgbà lọ oògùn ibà, ó pò ó mọ́ ẹ̀kọ mímu, ó ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Ọlọ́run ti mọ̀."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ní kí àwọn tó lo oògùn dìde. Màmá ò dìde. Mo rí i pé ọwọ́ wọn ń gbọ̀n.

3. Nígbà tí mo dàgbà, mo wá ìdí òfin yẹn lọ sínú ìtàn.

Ní 1918, àjàkálẹ̀-àrùn kan pa èèyàn rẹpẹtẹ káàkiri ayé. Ó dé Ìjẹ̀bú-Òde náà. Joseph Ṣadarẹ́ àti tíṣà obìnrin kan, Sophia Ọdúnlámì, wà lára àwọn tó ń gbàdúrà nínú ìjọ Áńgílíkà ti St Saviour's. Wọ́n gbà pé àdúrà àti omi ti tó wo aláìsàn.

4. Àwọn àgbà Áńgílíkà ò fara mọ́ ọn. Wọ́n tún jọ ń jà lórí ìrìbọmi ọmọ ọwọ́, àti lórí àlá àti ìran. Ní 1922, ẹgbẹ́ náà kúrò. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni wọn ò fẹ́ jáwọ́ nínú ẹ̀. Ó wù mí pé wọ́n nígboyà yẹn.

5. Wọ́n wá dara pọ̀ mọ́ Faith Tabernacle, ìjọ kan ní Philadelphia l'Amẹ́ríkà. Ìwé ìròyìn ìjọ náà ló kọ́kọ́ dé ọwọ́ David Ọdúbánjọ l'Ékòó. Inú lẹ́tà àti ìwé ni ẹ̀kọ́ ti ń wá, oògùn sì jẹ́ èèwọ̀ pátápátá. N'Íbàdàn wa níbí, Isaac Babalọlá Akínyẹlé ló ṣíwájú wọn.

6. 1930: Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ti ń wa katakata tí wọ́n fi ń tẹ títì tẹ́lẹ̀, wàásù ní Òkè-Ooye, Iléṣà. Èrò ya wá. Ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Àwọn àgbà wá alábòó, wọ́n sì ké sí Apostolic Church ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òyìnbó yẹn dé ní 1931.

7. Ibí ló ti dùn. Àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì tó wá bá wọn gbé ń lo kuníìnì kí ibà má baà pa wọ́n! Àwọn ará wa ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ní Jésù ń woni sàn?" Ìjà dé. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 1940 sí i, ìjọ ti pín. Ọdúbánjọ, Babalọlá àti Akínyẹlé wà lápá kan, ìyẹn ló di Christ Apostolic Church. Akínyẹlé ni ààrẹ àkọ́kọ́ wọn. Ní 1955, ó jọba: Olúbàdàn.

8. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó kọ oògùn torí pé ó gba Ọlọ́run gbọ́, òun àti Ọlọ́run ẹ̀ ni. Òyìnbó tó gbé kuníìnì mì, ṣebí òun náà ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ní 1922, àwọn bàbá wa sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fipá bá àwọn gbàgbọ́. Ìgbà tí ìgbàgbọ́ ẹnìkan di ohun tí a fi ń ṣọ́ ẹnu ẹlòmíì, ibẹ̀ ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn.

9. Kí Màmá Àgbà tó kú, mo bi wọ́n pé ṣé ẹ̀rí ọkàn ò dà wọ́n láàmú lọ́jọ́ ẹ̀kọ yẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Mo ti gbàdúrà sí i kí n tó fún ẹ mu. Ọlọ́run ò bínú sí mi. Àwọn tó ń kọ orúkọ ni mo bẹ̀rù."