Àkísà Àgbà: Ìtàn Kẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́ńjìnì àti Àtúnṣe Rẹ̀

Àwọn baba wa a máa wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nígbàkúùgbà tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn irin àtijọ́ tí a kó dà sí ẹ̀yìnkùlé ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ọ̀kan nínú wọn ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ńjìnì, èyíinì ni kẹ̀kẹ́ ológeere tí a so ẹ́ńjìnì kékeré mọ́, ṣùgbọ́n tí ó ṣì ní pẹ́dà tí ẹsẹ̀ ń wà. Àbúrò ni ó jẹ́ fún kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹ̀gbọ́n ni ó sì jẹ́ fún alùpùpù òde òní. Ìbéèrè mi ni pé, bí ẹnìkan bá fẹ́ jí irú rẹ̀ dìde kí ó tún máa rìn, kí ni ó yẹ kí ó pààrọ̀, kí sì ni ó yẹ kí ó fi sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìran rẹ̀. Ní ọdún 1817 ni Karl Drais, ará Jámánì, gun kẹ̀kẹ́ onígi ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí kò ní pẹ́dà rárá. Ní ọdún 1897, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Werner gbé ẹ́ńjìnì lé orí ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ ní ìlú Paris. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni irú kẹ̀kẹ́ yìí tó gbilẹ̀, nítorí pé owó wọ́n, epo wọ́n, ìrìnàjò kò sì ṣe é fi sílẹ̀. Ní Japan ní ọdún 1946, Soichiro Honda ra àwọn ẹ́ńjìnì kéékèèké tí àwọn ọmọ ogun fi ń fún ẹ̀rọ wáyálẹ́ẹ̀sì ní iná, ó sì so wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere. Àwọn ará ibẹ̀ pè é ní bata-bata nítorí ariwo rẹ̀. Àwa náà gbọ́ pù-pù-pù, a sọ ọmọ rẹ̀ ní alùpùpù. Etí ni ìran méjèèjì fi sọ ọmọ náà lórúkọ.

Ní ilẹ̀ Faransé, VéloSoleX jáde ní ọdún 1946, Mobylette ti ilé iṣẹ́ Motobécane sì tẹ̀lé e ní ọdún 1949. Níwọ̀n ìgbà tí Dàhòmì àti Tógò wà lábẹ́ àkóso Faransé, Mobylette di ohun tí tọmọdé-tàgbà mọ̀ níbẹ̀, títí kan àwọn ìbátan wa ní Kétu àti Àjàṣẹ́. Ní ìhà tiwa lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Raleigh tí ó ń ti Nottingham wá ni ó gba ẹnu gbogbo ènìyàn, ẹsẹ̀ ènìyàn sì ni ẹ́ńjìnì tirẹ̀.

Ká ní ọ̀kan nínú àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ńjìnì yìí wá bá ara rẹ̀ ní Odò-Ọwá, ní ẹ̀bá Ìjerò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Arámọ̀kọ àti Ẹfọ̀n-Aláayè mọ̀ pé a kò ṣèèṣì pe ilẹ̀ náà ní Èkìtì, nítorí òkè ni í tì lé òkè. Inú ẹ́ńjìnì kẹ̀kẹ́ náà kò gbà ju nǹkan bí ṣíbí ìjẹun mẹ́ta lọ. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, yóò máa sáré, olówó rẹ̀ yóò jókòó bí ọba. Bí ó bá dé ẹsẹ̀ òkè, ọba yóò fi ẹsẹ̀ wa pẹ́dà. Ti VéloSoleX tún ní ìyọnu tirẹ̀: òkúta róbótó kan ni ó ń fi yí táyà iwájú, bí òjò bá sì ti rọ̀, òkúta náà a máa yọ̀ lórí táyà.

Nísinsìnyí, kí ni ẹni tí ó fẹ́ tún un ṣe yóò ṣe? Kí ó má kánjú wa pẹ́dà. Kí ó yọ pílọ́ọ̀gì, kí ó kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ẹ́ńjìnì, kí ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ìpẹtà tí ó di písítìnì mú lè tú. Kí ó fọ ìpẹtà kúrò nínú táǹkì, kí ó fẹ́ ojú ihò kabúrétọ̀ tí ó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, kí ó sì nu ibi tí iná ti ń ṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, kí ó po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù, nǹkan bí ìdá kan sí ìdá 25 fún àwọn ti ayé ìgbà náà. Epo náà ni ó ń gbé ọ́ìlì dé ara písítìnì. Ẹni tí ó bá rọ pẹtiróòlù lásán sí i, ẹ́ńjìnì rẹ̀ yóò gan.

Bí ó ti ń tú u ni yóò máa bá àkísà pàdé. Yóò rí ìtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ tí alágbẹ̀dẹ rọ, awẹ́ páànù tí a gé dípò wáṣà, rọ́bà tíúbù tí ó ń ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì, àti ìjókòó tí aránbàtà fi awọ rán. Àwọn kan yóò sọ pé kí a yọ gbogbo rẹ̀ dànù, kí a ra tuntun, kí a kùn ún, nítorí ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Mo gbà pé òwe náà dára. Ṣùgbọ́n ọba ṣì ń gbé inú ààfin tuntun. Bí a bá yọ gbogbo ara kẹ̀kẹ́ kúrò, ta ni ó kù tí yóò gbé inú tuntun?

Ìdájọ́ tèmi nìyí. Ohun tí ó lè pa ẹni tí ń gùn ún, bí ìjánu àti táyà tí ó ti gbó, kí a pààrọ̀ rẹ̀ láìjáfara. Ohun tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ láìṣe ewu, bí ó tilẹ̀ burẹ́wà, kí a fi í sílẹ̀. Èyí tí a bá sì yọ, kí a dì í sínú àpò, kí a kọ ibi tí ó ti wá sí i lára. Ìwé ọkọ̀ ojú omi lè sọ iye kẹ̀kẹ́ tí ó gúnlẹ̀ sí èbúté. Iṣẹ́ ọwọ́ alágbẹ̀dẹ tí ó mú kí kẹ̀kẹ́ náà tún gun òkè kò sí nínú ìwé náà. Ara irin ni ó wà. Ẹni tí ó bá sọ irin náà nù ti fa ojú ewé kan ya nínú ìtàn wa.

Àkókò kò sì dúró. Honda Super Cub tí ó jáde ní ọdún 1958 kò ní pẹ́dà mọ́. Faransé dáwọ́ VéloSoleX dúró ní ọdún 1988. Lọ́dọ̀ tiwa, alùpùpù akérò gbòde ní nǹkan bí àsìkò kan náà, ó sì gba orúkọ ọ̀kadà lára ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air. Àwọn tí ń ra irin àlòkù kì í béèrè ọdún tí a ṣe nǹkan. Ìwọ̀n rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí a bá lọ sílé ní ìsinmi, ẹ jẹ́ kí a yẹ àká baba wa wò kí oníṣòwò irin tó dé. Bí a bá rí kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àgbà tí ó gùn ún, ta ni ó bá a tún un ṣe, níbo, pẹ̀lú kí ni. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kí a tó mú sípánà. Irin lè dúró dè wá díẹ̀. Àgbà tí ó mọ ìtàn rẹ̀ lè má dúró.