Èèpo, Omi àti Iná: Ohun Tí Bíbó àti Sísè Ń Ṣe sí Èròjà Inú Ẹ̀fọ́

Èròjà aṣaralóore tí ó wà nínú ẹ̀fọ́ kì í dé inú àwo ní iye tí ó fi kúrò lóko. Láti ìgbà tí a bá ti já ewé ni ó ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀, ọ̀bẹ, omi àti iná a sì máa gba tiwọn níbẹ̀ kí òkèlè tó dé ẹnu. Àdánù náà kò dọ́gba, nítorí pé ìwà èròjà kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Fítámì C, èyí tí Albert Szent-Györgyi gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1937 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lé e lórí, a máa yòrò sínú omi, iná a sì máa bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni folate tí kò gbọdọ̀ wọ́n aboyún. Ní ti èròjà irin àti pòtásíọ̀mù, iná kò lè jó wọn run, ṣùgbọ́n omi lè kó wọn lọ.

Abẹ́ èèpo ni ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn ń kó ọrọ̀ rẹ̀ pamọ́ sí. Ọ̀dùnkún tí a sè pẹ̀lú èèpo rẹ̀ a máa pa fítámì C mọ́ ju èyí tí a bó tí a sì gé sínú omi lọ, nítorí pé èèpo ni kò jẹ́ kí omi ráyè wọlé fà á jáde. Síbẹ̀ ọ̀nà kan kò wọ ọjà: bíbó ni a gbọ́dọ̀ bó ẹ̀gẹ́, nítorí oró sáyánáìdì tí ó pọ̀ nínú èèpo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èèpo pòtétò tí oòrùn ti sọ di àwọ̀ ewé kò yẹ ní jíjẹ.

Nínú sísè, omi ni mo kà sí olè tí ó burú ju iná lọ. Ìyàwó ilé tí ó bá rẹ́ ṣọkọ yòkòtò wẹ́wẹ́ kí ó tó fọ̀ ọ́, tí ó bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, tí ó sì wá fún un gbẹ, ti da apá tí ó dára jù nínú ọbẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Kí a fọ ewé kí a tó rẹ́ ẹ, kí a sì jẹ́ kí ó jinná nínú omi ara rẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, ni ó sàn. Ẹni tí òkúta ń yọ lẹ́nu nínú kíndìnrín nìkan ni mo lè gbà fún láti bọ tẹ̀tẹ̀, ewé tí kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, kí ó sì da omi rẹ̀ nù, nítorí oxalate, èròjà tí ó lè di òkúta bẹ́ẹ̀, tí ń bá omi náà lọ.

Èròjà mìíràn wà tí iná ń ṣe lóore. Carotene, tí ara ń sọ di fítámì A, há mọ́ inú ewé títí ooru yóò fi tú u sílẹ̀, ọ̀rá ni ó sì ń gbé e wọ ara. Ìdí nìyí tí epo pupa inú ẹ̀fọ́ rírò, tí òun pàápàá kún fún carotene, kò fi jẹ́ àṣerégèé. Bákan náà ni lycopene inú tòmátì tí a dín ṣe máa ń rọrùn fún ara láti gbà ju ti tútù lọ.

Káún tí a ń bù sínú ewédú a máa mú un tètè rọ̀, ṣùgbọ́n kì í dá fítámì C àti B1 sí. Ewúro ní tirẹ̀ kò ṣeé jẹ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láìfọ̀. Bí a bá sì ti ń gbo ó tó tí ìkorò rẹ̀ ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn fítámì tí ń yòrò nínú omi ń bá a lọ.