Àpọ̀jẹ Ọkàn: Ìtàn Àròkàn àti Àníyàn



Ọ̀rọ̀ tí a dìde láti sọ ní ìrọ̀lẹ́ òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogun tàbí ti ọba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn ni a pè yín wá gbọ́. Ìtàn ohun kan ni, tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn ènìyàn nígbà tí a bá ti pa fìtílà, tí gbogbo ilé ti sùn, tí ẹnì kan ṣoṣo sì la ojú sílẹ̀ lórí ẹní, tí ó ń ro ọ̀rọ̀ kan tí ó ti rò ní àná, tí ó sì ti rò ní ìjẹta. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n. Wọ́n pè é ní àròkàn, wọ́n sì ní òun ni í mú ẹkún àsun-ùn-dá wá.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka ìwé Léfítíkù nínú Bíbélì Yorùbá wa, èyí tí a tẹ̀ ní odindi ní ọdún 1884, yóò rántí ọ̀rọ̀ náà, àpọ̀jẹ. Màlúù a jẹ koríko, a gbé e mì, lẹ́yìn náà a sì pọ̀ ọ́ padà sí ẹnu láti tún un jẹ. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní ọ̀rọ̀ kan fún iṣẹ́ yìí ní èdè Látìn, láti inú ọ̀rọ̀ náà ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ọkàn sì ti fa orúkọ tí wọ́n ń pe àròkàn lónìí yọ. Ṣùgbọ́n kí ó tó di orúkọ àìsàn, orúkọ ìyìn ni. Àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ Yúróòpù láyé àtijọ́ a máa fi í pe ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka Ìwé Mímọ́: wọn a mú ẹsẹ kan, wọn a máa kà á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lẹ́nu bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ wọn, títí adùn rẹ̀ yóò fi wọ inú wọn lọ.

A bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe àwa àlùfáà ti ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ méjèèjì jọ ara wọn. A rí ẹni tí ń jẹ àpọ̀jẹ ẹ̀rù, a sì rò pé àpọ̀jẹ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni ó ń jẹ.

Ó ti pẹ́ díẹ̀, obìnrin kan nínú ìjọ tí a ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀ nígbà náà máa ń tọ̀ wá wá. Ibà ni ó pa ọmọ rẹ̀. Ó ń bi wá léèrè bóyá ọmọ náà ìbá yè bí òun bá ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní alẹ́ ọjọ́ kejì dípò òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta. A dá a lóhùn bí a ti mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ó tún béèrè ohun kan náà. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹfà tàbí ẹ̀ẹ̀keje, a ní kí ó lọ yẹ ọkàn ara rẹ̀ wò dáradára kí ó tó wá sí Tábìlì Olúwa. Ìmọ̀ràn rere ni lójú wa. Obìnrin náà lọ, ó yẹ ọkàn ara rẹ̀ wò ju bí a ti wí lọ, kò sì wá sí Tábìlì Olúwa mọ́ fún ohun tí ó lé ní ọdún kan. Iná ti ń jó tẹ́lẹ̀. Àwa ni a bu epo sí i.

Ẹni tí ó là wá lójú sí àṣìṣe yìí ni John Bunyan. Ẹ mọ orúkọ náà, nítorí ìwé rẹ̀ tí David Hinderer, míṣọ́nnárì ti ìlú Ìbàdàn, yí sí èdè wa, tí í ṣe Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, wà lára àwọn ìwé tí àwọn àgbà wa fi kọ́ ìwé kíkà. Ṣùgbọ́n Bunyan kọ ìwé mìíràn ṣáájú rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1666 nígbà tí ó wà nínú ẹ̀wọ̀n ní ìlú Bedford, nínú èyí tí ó ròyìn ayé ara rẹ̀. Àwọn tí ó ka ìwé ìkẹyìn yìí láàárín wa kò pọ̀, ó sì dùn wá.

Ní abúlé Elstow, lẹ́bàá Bedford, ni a bí i ní ọdún 1628. Iṣẹ́ títún ìkòkò irin àti abọ́ ṣe ni iṣẹ́ baba rẹ̀, òun náà sì ni ó ṣe. Nígbà tí ó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, ó fẹ́ràn láti máa lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jí, ó rò pé eré asán ni, ó sì fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n a máa lọ sí ilé agogo láti wo àwọn tí ń lù ú. Ẹ wò ó bí ọ̀ràn náà ti lọ láti ibẹ̀. Ó dúró ó ń wòran, ó wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, bí ọ̀kan nínú agogo wọ̀nyí bá já lulẹ̀ ń kọ́? Ó lọ dúró lábẹ́ igi àjà ńlá kan kí ó lè wà ní àlàáfíà. Ó tún rò ó: bí agogo náà bá já, tí ó kọ lu ògiri, tí ó sì ta padà sí òun lára ń kọ́? Ó bọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ní ẹnu ọ̀nà, ó ní bí agogo bá já, òun yóò lè sá. Ṣùgbọ́n bí odindi ilé agogo náà bá wó ń kọ́? Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ kíá, ó sá lọ.

Agogo kankan kò já. Ilé kankan kò wó. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ibi ààbò kọ̀ọ̀kan tí ó rí bí ìbéèrè tuntun kan, ìbéèrè náà sì tóbi ju ti ìṣáájú lọ. Àwọn àgbà wí pé ẹni tí yóò bá ro dídùn ìfọ̀n yóò họra dé eegun. A kò mọ ibi tí a ti lè rí àpẹẹrẹ àníyàn tí ó ṣe kedere ju ti ilé agogo Elstow yìí lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìyọnu tí ó tóbi jù dé. Ohùn kan nínú ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wí fún un pé kí ó ta Kristi. Bí ó bá jókòó láti jẹun, bí ó bẹ̀rẹ̀ láti ṣa abẹ́rẹ́ tí ó bọ́ sílẹ̀, bí ó ń la igi ìdáná, ohùn náà a ní, ta Kristi nítorí èyí, ta á nítorí ọ̀hún. Bunyan a kọ̀, a máa dá a lóhùn pẹ̀lú ipá, tí ọwọ́ àti ìgúnpá rẹ̀ yóò fi máa ṣe bí ẹni tí ń ti nǹkan sẹ́yìn. Fún nǹkan bí ọdún kan ni ó fi bá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo jà báyìí. Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí pé: bí ó ti ń bá a jà tó ni ó ń padà wá tó. Ẹni tí a bá ní kí ó má ṣe ronú kan ẹfọ̀n, ẹfọ̀n náà ni yóò gba gbogbo ọkàn rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lórí ibùsùn, ó rẹ̀ ẹ́, ó sì dà bí ẹni pé ọkàn rẹ̀ gbà. Láti ọjọ́ náà lọ, ó di ẹni tí ń wo ẹ̀yìn. Ó rántí Ísọ̀ tí ó ta ogún ìbí rẹ̀ tí kò sì rí àyè ìrònúpìwàdà, ó sì jẹ àpọ̀jẹ ìtàn náà fún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti Dáfídì, ó rí i pé ti òun burú jù. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti Pétérù, tirẹ̀ ni ó tún wúwo jù. Ó gbé e dé ọ̀dọ̀ Júdásì. Ó tọ àgbà onígbàgbọ́ kan lọ, ó sọ fún un pé òun ń bẹ̀rù pé òun ti ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ sí Ẹ̀mí Mímọ́; àgbà náà dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni òun pẹ̀lú rò. Nígbà tí a ka ibẹ̀, ojú tì wá. Àwa mọ àgbà náà. A ti wọ aṣọ rẹ̀ rí.

Bí a bá bi yín léèrè pé èwo ni àròkàn, èwo sì ni àníyàn, ẹ wò ó nínú ayé ọkùnrin kan yìí. Lábẹ́ agogo, iwájú ni ó ń wò: bí ó bá ṣẹlẹ̀ ń kọ́? Lórí ọ̀rọ̀ Ísọ̀, ẹ̀yìn ni ó ń wò: èé ṣe tí mo fi ṣe é? Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀la, èkejì nípa àná, ṣùgbọ́n ọlọ kan náà ni ó ń lọ̀ wọ́n, èyí kì í sì í pẹ́ kí ó tó pe èkejì wá. Ẹni tí ó ti fi òru ro àṣìṣe àná yóò bẹ̀rù ọ̀la kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kì í ṣe Bunyan ni ẹni àkọ́kọ́. Martin Luther, nígbà tí ó wà ní ilé àwọn mọ́ńkì ní Erfurt láti ọdún 1505, a máa jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ títí yóò fi sú ẹni tí ń gbọ́ ọ. Robert Burton, àlùfáà kan ní Oxford, kọ ìwé ńlá lórí ìbànújẹ́ ọkàn ní ọdún 1621. Nígbà tí ó sì parí gbogbo àlàyé rẹ̀, ohun tí ó kù fún un láti sọ ni pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má ṣe máa dá wà, kí ó má sì jókòó láìṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a rìn kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì fo ọ̀rúndún mẹ́ta. Ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, obìnrin ọ̀mọ̀wé kan, Susan Nolen-Hoeksema, tí ń kọ́ni ní Yunifásítì Stanford, ti béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 137 bí inú wọn ti rí, àti ohun tí wọ́n máa ń ṣe nígbà tí inú wọn bá bàjẹ́. Ọjọ́ 14 lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 1989, ilẹ̀ mì tìtì ní agbègbè náà; afárá fọ́, ilé wó, ènìyàn sì kú. Ó padà bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà léèrè ní ọjọ́ 10 lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ náà àti ní ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí ó ti jẹ́ àṣà wọn tẹ́lẹ̀ láti máa jókòó ti ìbànújẹ́ wọn, tí wọ́n sì ń rò ó lárotúnrò, àwọn ni ìrẹ̀wẹ̀sì dì mú jù. Àjálù kan náà ni ó dé bá gbogbo wọn. Ní ọdún 2000, ó tún fi hàn pé àṣà yìí a máa ṣáájú àníyàn gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣáájú ìrẹ̀wẹ̀sì.

Ní ọdún 2003, òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ya ìrònú yìí sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni ti ẹni tí ń wo inú ara rẹ̀ kí ó lè rí ohun tí yóò ṣe. Èkejì ni ti ẹni tí ó kàn jókòó, tí ń fi ipò tí ó wà wé ipò tí kò lè dé. Èkejì yìí ni ó ń ṣe ibi jù. Nígbà tí a ka èyí, Bunyan ni a rí, pẹ̀lú òṣùwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́, tí ń wọn ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mọ́ ti Dáfídì àti Pétérù.

Ọ̀mọ̀wé mìíràn ní Amẹ́ríkà, Thomas Borkovec, wádìí ìdí tí àníyàn kì í fi í fẹ́ fi ènìyàn sílẹ̀. Ó ní ó jọ iṣẹ́ lójú ẹni tí ń ṣe é. Ohun tí a ń bẹ̀rù kì í sábà ṣẹlẹ̀, nítorí náà ọkàn a rò pé àníyàn òun ni ó dènà rẹ̀. Ní ọdún 1983, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ọgbọ́n kan tí ó pa wá lẹ́rìn-ín ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbọ́ ọ: kí ènìyàn yan ààbọ̀ wákàtí kan lóòjọ́, ní àkókò kan náà àti ní ibì kan náà, fún àníyàn ṣíṣe, bí àníyàn bá dé ní àkókò mìíràn, kí ó sọ fún un pé àyè rẹ̀ ṣì ń bọ̀. A ti fi lọ àwọn kan nínú ìjọ. Ó ṣe ìrànlọ́wọ́ fún wọn ju ọ̀pọ̀ ìwàásù wa lọ.

A kò sọ pé kí ẹni tí ebi ń pa má ṣe ro oúnjẹ o. Ìrònú tí ó gbé ènìyàn dìde lọ sí oko tàbí sí ọjà kì í ṣe ohun tí a ń bá wí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò lè sùn, tí kò lè jẹun fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí ó tọ oníṣègùn lọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Nílé wa níhìn-ín pẹ̀lú, àwọn oníṣègùn ti fi etí sí ọ̀ràn yìí. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Kánádà, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná, tí ojú wọn kò lè ka ìwé mọ́ nítorí ẹrù ẹ̀kọ́ tí a dì lé wọn lórí. Ṣáájú rẹ̀, láti ọdún 1954, Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò. Dípò kí ó ti àwọn aláìsàn ọkàn mọ́lé, ó fi wọ́n sí àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, olúkúlùkù pẹ̀lú ìbátan kan tí yóò máa dáná fún un, tí yóò sì máa bá a sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí ó dá wà. Burton ìbá dùn láti rí i.

Obìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ padà wá nígbẹ̀yìn. Kì í ṣe àwa ni a mú un padà. Àwọn obìnrin tí ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń yà pè é. Nígbà tí ó bá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti òru ọjọ́ náà, wọn a gbọ́ ọ, wọn a sọkún díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, wọn a sì na ìgbálẹ̀ sí i.

Ní ti Bunyan, ó ròyìn pé òun ń kọjá nínú pápá kan ní ọjọ́ kan, nígbà tí ó yé òun lójijì pé òdodo òun wà lókè ọ̀run, ní ọwọ́ ọ̀tún Ọlọ́run, kì í ṣe nínú ọkàn òun. Bí inú òun bá dára, kò fi kún un. Bí inú òun bá bàjẹ́, kò yọ nínú rẹ̀. Ó ní ní ọjọ́ náà ni ẹ̀wọ̀n bọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ òun. Ìdánwò rẹ̀ kò tán pátápátá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti kúrò lára ara rẹ̀. Wọ́n tì í mọ́ ẹ̀wọ̀n ní ọdún 1660 nítorí ìwàásù, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún 12. Òun náà ni ó kọ̀wé nípa Òmìrán Àìnírètí, tí ó ti àwọn èrò méjì mọ́ inú ihò láti òwúrọ̀ ọjọ́rú títí di alẹ́ ọjọ́ Sátidé, nígbà tí kọ́kọ́rọ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìlérí wà ní àyà ọ̀kan nínú wọn ní gbogbo ìgbà náà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1688, baba kan àti ọmọ rẹ̀ ń jà ní ìlú Reading. Bunyan gun ẹṣin lọ láti làjà, ó sì bá wọn parí rẹ̀. Bí ó ti ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti ibẹ̀, òjò ńlá pa á lójú ọ̀nà. Ibà mú un ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, níbẹ̀ ni ó sì kú sí.